Kóòtù Màmá Tí Kì Í Fojú Kan Ọṣẹ

Lọ́jọ́ tí a sin Màmá, wọ́n ní kí ọ̀kan nínú àwa ọmọ-ọmọ dìde sọ̀rọ̀ nípa ìyá tó lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, ojú ewé mẹ́rin gbáko, mo tilẹ̀ ti kà á níwájú dígí. Mo gba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, mo ní, "Màmá wa jẹ́ ẹni tó..." Mo bá bú sẹ́kún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi gbólóhùn méjì parí ọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó máa rí ikun imú mi.

N kò ní sọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn àbúrò bàbá mi ti tẹ ìyẹn sínú ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n sì ṣi ọdún tó wọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì kọ. Ọ̀rọ̀ kóòtù rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí ẹni tó bá mọ kóòtù yẹn ti mọ Màmá tán.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyá bàbá mi. Òkà ni wọ́n bí i sí, Òkà náà ló gbé títí tó fi kú. Kó tó fẹ̀yìn tì, orí alùpùpù ló ń gbé ayé rẹ̀. Máṣíìnì ni òun ń pè é, bí gbogbo wa níbí. Á gùn ún lọ sí Epinmi, á gùn ún lọ sí Ifira, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, níbikíbi tí aboyún bá ti ń rọbí tí kò rí ọ̀nà dé ọsibítù. Obìnrin tó ń gun máṣíìnì kò wọ́pọ̀ nígbà náà, àwọn ọmọdé a máa sá tẹ̀lé e. Kóòtù yìí ló máa ń wọ̀, òjò ni o, ọyẹ́ ni o. Abẹ́ kóòtù náà ló máa ń kó ìbọ̀wọ́, àlùmọ́gàjí àti òwú tó fi ń di ìwọ́ ọmọ sí. Ó lè dé ilé aláboyún kí omi máa kán láti ojú rẹ̀ dé bàtà, ṣùgbọ́n ohun èlò rẹ̀ á gbẹ táútáú. Bí wọ́n bá ní kó jókòó sinmi kí òjò dá kó tó máa bọ̀, ìdáhùn kan ló ní: "Ọmọ tuntun kì í bi òjò léèrè kó tó wáyé."

Inú òkìrìkà ló ti rí kóòtù náà, ní ọjà Ìkàrẹ́. Aṣọ òwú tó nípọn ni, tí àwọn òyìnbó tó rán an fi ìda rẹ́ títí ìda fi wọ inú òwú lọ, kí omi òjò má baà ráyè wọlé. Wọ́n ní ó ti ní àwọ̀ ewé rí. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Síìpù rẹ̀ jẹ́ idẹ, ó ní bẹ́líìtì, ó ní àpò mẹ́rin, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní àyà òsì, wọ́n rán an ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Màmá gbà títí dọjọ́ ikú pé télọ̀ tó rán àpò yẹn ti mu ẹmu yó. Ìyá tó ń tà á kàn fẹ́ kó kúrò níwájú òun ni. Ó ní ẹnì kan ti da epo sí i, ó sì ń lẹ̀ mọ́ àwọn bùláòsì òun. Màmá gbé e délé, ó fẹ́ fọ̀ ọ́. Kó tó pọn omi tán, òjò ṣú, ó wọ kóòtù náà sáré jáde láti lọ kó aṣọ tó sá. Nígbà tó padà wọlé, omi ń yí dànù lára rẹ̀ bíi ti orí ewé kókò, aṣọ abẹ́ rẹ̀ kò sì rin. Bàbá mi, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, ló sọ ohun tó wí fún mi. Ó ní Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ pa apá kóòtù náà, ó ní: "Kì í ṣe epo ni wọ́n dà sí èyí o. Ọgbọ́n ni."

Ọgbọ́n náà kò bá ìwé wá. Nígbà tí ìda ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, Màmá ní láti wá tirẹ̀ ṣe. Òrí ló kọ́kọ́ fi rẹ́ ẹ, eku sì jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, àbùlẹ̀ wà níbẹ̀ di òní. Ó gbìyànjú àbẹ́là, kóòtù gan bíi páálí, ó ń dún bí ìwé bó bá ń rìn. Ọkùnrin kan ní Epinmi tó ń sin oyin, tí Màmá gbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀, ló fún un ní ìda oyin. Màmá yọ́ ọ nínú agolo tó gbé sínú omi gbígbóná, ó fi àdín díẹ̀ là á, ó sì rí ohun tó ń wá.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ kan náà ló fi ń ṣe é lọ́dọọdún. Á fi àkísà tútù nu ẹrẹ̀ kúrò, kò sí ọṣẹ, kò sí omi gbígbóná. Á dúró de ọ̀sán gangan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, á tẹ́ kóòtù náà sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, níbi tí àwọn aládùúgbò ń sá láfún sí, kí òkúta gbígbóná máa mú un láti ìsàlẹ̀, kí oòrùn máa mú un láti òkè. Á wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ìda náà sí i, pàápàá níbi ojú rírán ní èjìká, torí ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọlé. Iṣẹ́ tèmi, láti kékeré, ni kí n máa lé ewúrẹ́ tó fẹ́ wá lá a. Mo ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa débi pé mo gbà pé mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kóòtù.

Òórùn ìda oyin àti àdín yẹn kò ṣeé fi pamọ́. Màmá wọ kóòtù náà lọ sí Ifira lọ́jọ́ kan, oyin igbó tẹ̀ lé e wọ ilé ìwòsàn. Gbogbo òṣìṣẹ́ sá sínú yàrá kan, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Màmá nìkan ló jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó gbé ọrùn kóòtù bo etí, kò mira títí àwọn oyin náà fi lọ. Wọ́n bi í pé ẹ̀rù ò bà á ni. Ó ní: "Wọ́n wá wo ohun tí wọ́n ní ni, wọ́n rí i pé mò ń tọ́jú ẹ̀."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Nígbà tí òjò bá ká a mọ́ ọ̀nà, á wọlé tòun ti kóòtù, àwọn ará ìjókòó rẹ̀ á sì máa sún díẹ̀díẹ̀. Wọ́dà ìjọ kan wá bá a, ó rọra ní kó bá àwọn fi kóòtù sílẹ̀ níta, torí òórùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: nígbà tí inú Màmá bá dùn, ó ń sọ èdè Òkà wa, "ùwọ" dípò "ìwọ" àti "ulé" dípò "ilé" a máa jáde wẹ́rẹ́. Bó bá ń bínú, Yorùbá ilé ìwé ló ń sọ, kedere bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ó kọjú sí wọ́dà, ó ní: "Jésù tí wọ́n tẹ́ sí ibùjẹ ẹran, ṣé òun ló rán yín sí mi nípa òórùn?"

Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Àkùngbá, mo tọrọ kóòtù náà fún ọjọ́ kan. Mo sọ fún Màmá pé òtútù ń mú mi. Oṣù kejì ọdún ni, nígbà tí ewúrẹ́ pàápàá ń wá ibòji. Fọ́tò ni mo fẹ́ fi yà. Mo bẹ ọlọ́kadà kan kó jẹ́ kí n lo máṣíìnì rẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, mo gbé ọrùn kóòtù sókè, mo wo ọ̀nà jíjìn bí ẹni tó gùn ún wá láti Kánò. Òógùn ti bò mí. Mi ò mọ máṣíìnì gùn nígbà náà. Bí ọ̀rẹ́ mi tó ń ya fọ́tò ṣe ní kí n rẹ́rìn-ín báyìí, ẹsẹ̀ mi yọ̀, máṣíìnì wó lé mi. Ọlọ́kadà ní òun ti rí ẹni tí máṣíìnì tó ń sáré gbé ṣubú, òun ò tí ì rí ẹni tí èyí tó dúró jẹ́ẹ́ gbé ṣubú. Fọ́tò tó jáde níkẹyìn, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló wà lókè. Ó dé orí fóònù gbogbo ẹbí. Màmá wò ó, ó wò ó, ó ní: "Ùwọ ọkọ mi, kì í ṣe ùwọ lo wọ kóòtù yìí. Kóòtù ló wọ̀ ọ́."

Ó yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ìwàásù fún ara mi. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní Ìkàrẹ́. Wọ́n ní kí oníkálukú wọ aṣọ tó fi ṣiṣẹ́ nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Inú Màmá dùn bí ọmọ ìkókó. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ rẹ̀ ti ń dùn ún, kò lè rẹ́ ìda mọ́. Ó pè mí wá láti Àkùngbá, níbi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sí, ó gbé kóòtù àti agolo ìda lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ùwọ lo máa ń wà níbẹ̀. O mọ bí mo ṣe ń ṣe é." Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo gbé e délé, mo gbóòórùn rẹ̀, mo rò ó. Ìyá mi àgbà, níwájú bíṣọ́ọ̀bù, nínú aṣọ tí kò fojú kan ọṣẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á? Ní tiwa, ta ló ń wọ aṣọ tí wọn ò fọ̀, tí wọn ò fi sítáàṣì sí, tí wọn ò lọ̀, lọ síbi ìdúpẹ́? Mo ní kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ná, kí n tó fi ìda tuntun sí i. Mo gbé omi kaná. Mo da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sí i, mo rẹ ẹ́ mọ́jú. Omi náà dúdú bí aró, mo sì ń yọ̀ pé ẹ wo ìdọ̀tí. Mo tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi sítáàṣì sí i. Nígbà tí mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e, èéfín sọ, ìwọ̀nba ìda tó ṣẹ́ kù lẹ̀ mọ́ áyọ́ọ̀nù, ìyàwó mi sáré jáde láti wá wo ohun tó ń jóná. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi nígbẹ̀yìn funfun bí ẹni tó ṣàìsàn. Ó ti sún kì, apá rẹ̀ ò dé ọrùn ọwọ́ mọ́. Ó sì dúró fúnra rẹ̀ lórí tábìlì, láìsí ènìyàn nínú rẹ̀.

Mo gbé e lọ sí Òkà. Màmá fi ìka pa á. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú Yorùbá ilé ìwé, ó bi mí pé, "Ta ni ó fọ ẹ̀wù yìí?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí lọ́jọ́ náà. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ méjì. Mo ṣí ẹnu mi, mo ní, "Alágbàfọ̀ ni. Mo ní kó kàn nù ún ni, ó lọ fọ̀ ọ́."

"Alágbàfọ̀ wo?"

Ẹyọ alágbàfọ̀ kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn, ẹni tó wà lẹ́bàá ọ̀nà nísàlẹ̀ ilé Màmá, tó ti ń lọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Mo dárúkọ rẹ̀. Màmá ká kóòtù náà, ó gbé e sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó wọ yunifọ́ọ̀mù lásán lọ síbi ìdúpẹ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í pé kóòtù ńkọ́, ó ní: "Ó wà nílé. Ara ẹ̀ ò yá."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Màmá kò bá Bàbá Alágbàfọ̀ jà, kò bú u, kò sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn dẹ́kun kíkí i, ó sì ń gbé aṣọ rẹ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ní Òkà, ọwọ́ Màmá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà wáyé. Bí wọ́n ṣe rí i pé ó fi alágbàfọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní ó ní ohun tí ìyá rí. Aṣọ tó wà lára okùn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Lọ́jọ́ kan ó dá mi dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni mo ṣe fún Màmá? Wọlai, mi ò mọ̀." Ẹ gbọ́ ohun tí èmi ọlọgbọ́n fi dá a lóhùn. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọjọ́ orí ni." Bí mo ṣe sọ ìyá mi àgbà di ẹni tí orí rẹ̀ ti ń dàrú nìyẹn, kí irọ́ àkọ́kọ́ má baà dá nìkan wà.

Iléyá wá dé. Mùsùlùmí ni Bàbá Alágbàfọ̀, kò sì sí Iléyá kan tí kì í bu ẹran ránṣẹ́ sí Màmá, bí Màmá náà ṣe máa ń bu ìrẹsì Kérésì ránṣẹ́ sí i. Lọ́dún yẹn náà, ó bù ú, itan odindi, nínú abọ́ tó ní ìdérí. Mo wà lọ́dọ̀ Màmá nígbà tó dé. Màmá ò ṣí i. Ó ní, "Gbé e padà fún un. Sọ pé mo ní ó ṣeun."

Mo gbé abọ́ náà sọ̀ kalẹ̀. Ẹran gbígbóná ni, èmi tí mo mọ ara mi, tí kì í gbé ẹran kọjá ẹnu ọ̀nà láì tọ́ ọ wò, mi ò fọwọ́ kàn án. Bàbá Alágbàfọ̀ wà pẹ̀lú àwọn àlejò rẹ̀, ó wọ aṣọ ọdún. Ó rí mi, ó rí abọ́, ó dìde. Ó ṣí ìdérí, ó rí i pé ẹran pé. Ó tún un dé. Ó ní, "Sọ fún Màmá pé mo gbà á." Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí àwọn àlejò má rí i. Ìtìjú mú mi lọ́jọ́ náà débi pé mi ò lè gun máṣíìnì mi, mo tì í lọ́wọ́ gun òkè padà.

Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá, mo sọ gbogbo rẹ̀, omi gbígbóná, ọṣẹ, sítáàṣì, áyọ́ọ̀nù, "ọjọ́ orí ni". Mo ń retí àbàrá. Màmá dìde, ó lọ sínú yàrá, ó wọ kóòtù funfun tó ti sún kì yẹn, síìpù rẹ̀ ò lè pa dé. Ó ní, "Gbé máṣíìnì."

Nígbà tí a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn àlejò ọdún ṣì wà níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí orúnkún Màmá ti kọ̀ fún un, orí àga ló ti ń gbàdúrà. Ó di etí tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Bàbá Alágbàfọ̀ pariwo, "Màmá! Ẹ má ṣe é! Ọmọ yín ni mí!"

"Fi mí sílẹ̀," ni Màmá wí. "Ọmọ mi ló purọ́ mọ́ ọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbà á gbọ́. Ọgbọ̀n ọdún lo fi lọ aṣọ mi, mi ò rí àbùkù kan. Ó yẹ kí n bi ọ́. Mi ò bi ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Èmi náà ti na gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wò mí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò tí ì rí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, kí ìyá mi àgbà wà lórí ilẹ̀ nítorí ẹnu mi. Ọkùnrin náà ń sunkún, ó ń sọ pé òun ti dárí jì í, Ọlọ́run gbọ́, ẹ dìde. Màmá ò lè dìde. Èmi mú apá kan, òun mú apá kejì, a gbé e sórí àga. Ó mí kanlẹ̀. Ó wo Bàbá Alágbàfọ̀, ó sì fi èdè Òkà bi í léèrè ẹran rẹ̀, kó tètè gbé e wá, torí pé ebi ń pa òun.

Lẹ́yìn náà ló wá kàn mí. Ọjọ́ Sátidé mẹ́jọ ni mo fi wà lórí àpáta nínú oòrùn ọ̀sán, tí mò ń rẹ́ ìda sí kóòtù yẹn, Màmá jókòó sí ibòji, ó ń fi ọ̀pá júwe. "Èjìká. Padà sí èjìká." Ọwọ́ mi bó. Ewúrẹ́ wá lá mi dípò kóòtù. Kóòtù náà kò gùn padà, ṣùgbọ́n ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ní òpin ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, Màmá á da ife omi kan sí i, á ki ọwọ́ bọ inú kóòtù wò bóyá omi wọlé. Ohun kan náà ló ń sọ. Ní Sátidé kẹjọ tí omi yí dànù, tí mo ti ń jó, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì tún sọ ọ́: "Ó kù díẹ̀."

Kò sí Sátidé kẹsàn-án. Ó sùn, kò jí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ẹrù rẹ̀, mo ti jókòó sí iwájú. Mo gbà pé kóòtù ti di tèmi, ta ló tún jìyà rẹ̀ tó mi? Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, gbé e sókè. Ó ní Màmá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí èyí. "Ó ní ká gbé e fún Alágbàfọ̀. Ó ní bí ọkọ òun bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kó lọ tọrọ rẹ̀ níbẹ̀." Èmi ni ọkọ tó ń wí.

Ara ṣọ́ọ̀bù ló wà báyìí, ó kọ́ sáàárín aṣọ tí wọ́n ti lọ̀. Bàbá Alágbàfọ̀ kò ní máṣíìnì, kò sì wọ̀ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá wá sí Òkà, tí òjò ṣú kí n tó padà sí Àkùngbá, mo ní láti yà níbẹ̀. Kì í tètè dá mi lóhùn. Á lọ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, á wo bẹ́ńṣì, á dúró kí àwọn oníbàárà pọ̀ díẹ̀. Wọ́n sì ti pọ̀ padà gan-an. Á wá já kóòtù kúrò lára ìṣó, á dì í mú ṣinṣin.

"Ta ló fọ ẹ̀wù yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Mi ò gbọ́."

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́, Bàbá! Èmi ni!"

Ìgbà náà ló tó máa gbé e fún mi.